Ọ̀pá Ìdákẹ́ Tó Ta Gbòǹgbò ní Ìdó-Ọ̀pẹ

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ kò tíì ní ju ibodè kan ṣoṣo lọ, tí odi rẹ̀ kò sì tíì ga ju èjìká géńdé lọ, ọkùnrin kan gbé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, akọni tí ogun ń rí tó ń yà bàrá, ọdẹ tí ń gbé ẹfọ̀n wọ̀lú bí ẹni gbé igbá ẹ̀kọ. Àwọn tó ń pìtàn rẹ̀ máa ń sáré lọ sórí ogun tó jà àti ẹran tó pa. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan ló ń mú mi rántí rẹ̀, ọ̀pá tí ọkùnrin mìíràn kọ̀ láti fà tu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀pá náà ṣe jẹ́. Lọ́jọ́ ẹjọ́ ní Ìdó-Ọ̀pẹ, Olúgbẹ́jọ́, ìyẹn ìjòyè tí ń dájọ́ ìlú, yóò gé ẹ̀ka ìyeyè tútù láàárọ̀, yóò sì rì í mọ́lẹ̀ níwájú àpótí rẹ̀. Ọ̀pá ìdákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi kó nawọ́, kí Olúgbẹ́jọ́ sì pè é. Ẹni tó bá pariwo tàbí tó bú ẹlòmíì, àrífín ọ̀pá ló ṣe yẹn, wọ́n á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà, igi ńlá oníhò tí wọ́n ń fi irin há. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Olúgbẹ́jọ́ á fa ọ̀pá tu, á sọ ọ́ sínú iná, wọ́n á sì tú ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀ kó lọ jẹun nílé rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìlú dó ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ìbínú ilé ẹjọ́ má baà di ọjọ́ kejì. Ó dára, àbí kò dára? Ó dára púpọ̀.

Àfìgbà tí Oyèlákin di Olúgbẹ́jọ́. Ẹ wò ó, ara mi kì í balẹ̀ bí mo bá dé ibí yìí. Ọkùnrin náà kò burú látilẹ̀. Ó gbọ́n, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dákẹ́ fún un nígbà tí ọ̀pá bá wà nílẹ̀, ó sì ń dùn ún bí ìrọ̀lẹ́ bá dé. Lọ́jọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó dìde lórí àpótí, kò fa ọ̀pá tu. Ó ní ẹjọ́ kò tíì parí. Ẹjọ́ náà kò sì parí mọ́. Ara wá ń ni gbogbo ìlú. Wọ́n ń gúnyán láìkọrin. Ẹni tó fẹ́ sín á fọwọ́ di imú. Ìyàwó kan rẹ́rìn-ín lọ́nà odò nígbà tí Olúgbẹ́jọ́ ń kọjá, inú àbà ló sùn. Háà! Ẹ̀rín lásán!

Nígbà tó yá, Oyèlákin gba oko opó kan, ó fi fún àna ara rẹ̀. Ìròyìn náà bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń po amọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹjọ́ yẹn wọ́." Gbogbo ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí amọ̀ tó gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, olófòófó ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé Olúgbẹ́jọ́.

Oyèlákin ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá òun wà nílẹ̀, gbogbo ìlú ni ilé ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà bọ àbà títí yóò fi sọ pé irọ́ lòun pa. Àwẹ̀ró kọ̀, kò sọ ọ́. Òjò ń pa á, ikọ́ sì mú un débi pé àwọn tó ń kọjá ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún.

Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ti oko ọdẹ dé nìyẹn tó bá ìyá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa àdá yọ. Òun náà fa tirẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n gé igi yìí."

"Fi àdá yẹn sílẹ̀, Jìnmí. Bó o bá fi àdá tú mi sílẹ̀ lónìí, aládàá ni yóò máa dájọ́ wa lọ́la. Lọ bá a rojọ́."

"Ikọ́ ń pa yín lọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹjọ́!"

"Ta ló ń wúkọ́ nínú àwa méjèèjì? Mo ní kó o lọ."

Omi lé ròrò sójú akọni. Ó ju àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó lọ síwájú àpótí, ó nawọ́. Oyèlákin mọ̀ọ́mọ̀ wo ibòmíràn títí apá fi ro ó, kó tó pè é.

"Olúgbẹ́jọ́, mo kí yín o. Ta ló pe ìyá mi lẹ́jọ́?"

"Èmi ni. Èmi ló rí fín."

"Níbo ni olùpẹjọ́ ń dúró nílùú yìí?"

Gbogbo ojú yí sí òkúta pẹlẹbẹ tó wà níwájú àpótí. Ọdẹ́jìnmí wá yíjú sí ìlú.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mi ò wá tàbùkù ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ yìí ni kò jẹ́ kí èmi àti àbúrò bàbá mi ta ara wa lọ́fà nítorí ilẹ̀, mo sì mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá tún ni ẹni tí ń dájọ́, tó sì tún jẹ́ òun ni yóò sọ ìgbà tí ìyà yóò tán, ta ni kí ìyá mi ké sí? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Olúgbẹ́jọ́. Ẹ wá dúró lórí òkúta, kí ẹlòmíì jókòó gbọ́ ẹjọ́ yín. Bó bá dá ìyá mi lẹ́bi, èmi fúnra mi ni n ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú àbà."

"Àrífín!" Oyèlákin fò dìde. "Ẹ kàn án mọ́ àbà!"

Ọ̀ṣúndèyí, ẹni tí ń tọ́jú àbà, gbé irin. Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ló na ẹsẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Kàn án, ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ ẹ ni."

Irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni nígbà tí alóre, ẹni tí ń ṣọ́ ìlú láti orí odi, sáré dé. Kò sọ̀rọ̀. Ó nawọ́. Ó na méjèèjì. Oyèlákin ní, "Dúró ńbẹ̀, n kò tíì pè ọ́." Òógùn bo ọkùnrin náà, ó ń wẹ̀yìn wo ọ̀nà odò. Láyé àtijọ́, orí odi ni ìbá ti figbe ta, ṣùgbọ́n igbe ti di àrífín. Ẹ gbà mí o! Ogun ń bọ̀, ẹni tó rí i ń nawọ́!

Ọdẹ́jìnmí wo ojú rẹ̀, ó mọ̀. "Ogun! Ogun ti gba orí odò!"

Ìlú dà rú. "Ẹ tú Ọdẹ́jìnmí sílẹ̀!" Ọ̀ṣúndèyí dì mọ́ irin rẹ̀, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti wọ àbà ló ti búra pé òun kò ní yọ irin láé bí ọ̀pá bá ṣì wà nílẹ̀. Ni Oyèlákin bá fò mọ́ ọ̀pá, ó fà á. Kò mì. Ó ká aṣọ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó gbà pé àwọn rí ohun tí wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ yìí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ: ọ̀pá ti hu ewé. Ó ti ta gbòǹgbò. Oyèlákin fìdí jálẹ̀ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́.

"Kò tu," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ fi igi sílẹ̀," Ọdẹ́jìnmí dá a lóhùn. "Ẹnu yín ni kí ẹ fi tú wa."

Oyèlákin wo ibodè, ó wo ìyá arúgbó náà. Ó gun orí òkúta olùpẹjọ́. "Mo ṣe àṣejù," ó ní. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹjọ́ náà wọ́."

"Ọ̀ṣúndèyí, o ò gbọ́ ni?" Àwẹ̀ró ní. "Ẹjọ́ ti parí, kì í ṣe ọ̀pá mọ́. Igi ìyeyè lásán ló kù níbẹ̀ yẹn."

"Ìyá mi ni kó o kọ́kọ́ tú," ni Ọdẹ́jìnmí wí. Irin Àwẹ̀ró jáde. Ti Ọdẹ́jìnmí kọ̀, nítorí òjò ti mú kí igi wú. Igbe ogun sì ti dé ibodè. Akọni gbé igi àbà náà mọ́ àyà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó há sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú àdá tó jù sílẹ̀, ó nà án sí i. "Gbà. Ìsinsìnyí ló wúlò."

Ó wọ́ igi náà dé ibodè, ó gbé e dábùú rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tá tó bá fẹ́ rékọjá, ó pàdé àdá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọdẹ fi jáde pẹ̀lú ọfà, tí ogun fi padà sódò. Nígbà tí ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ìlú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọfà ti wọ̀ ọ́ ní ìhà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú?" ó bi ìyá rẹ̀.

"Ó ti ń ṣú, ọmọ mi."

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ mi o. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, ó yẹ kí n máa lọ sílé."

Wọ́n fi àdá gbẹ́ ẹnu ihò náà, wọ́n sì yọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó kú lórí itan Àwẹ̀ró.

Opó gba oko rẹ̀ padà, Oyèlákin kò sì jókòó lórí àpótí mọ́ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà, igi gbígbẹ ni ọ̀pá ìdákẹ́ ní Ìdó-Ọ̀pẹ. Wọ́n kò gé ìyeyè yẹn. Wọ́n gbé àbà sí abẹ́ rẹ̀, ìjòyè tí wọ́n bá sì fẹ́ fi ṣe Olúgbẹ́jọ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ há síbẹ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìyeyè pípọ́n bá já lù ú lórí, àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á sì jókòó síbẹ̀ máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kò sẹ́ni tí ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.