Ẹni Tó Rí Bátìrì Tó Wú

Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún méjìlélógún di ẹrù fún àwọn tó ń fi bàálù kó ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹrù tó bá dì kì í tú lọ́nà. Obìnrin kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, Sàlámọ́tù lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà gba òmìnira, ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a wá yàrá nínú ilé ìkẹ́rùsí kan náà, ojúkojú pẹ̀lú tirẹ̀. Kò sí ìjà láàárín wọn.

Bátìrì ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Bátìrì tó wà nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà àti nínú ọ̀kadà tí kì í lo epo, èyí tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù, iná rẹ̀ kì í ṣe iná eré. Bó bá gbiná nínú bàálù lójú òfurufú, kò síbi tí èèyàn máa sá sí. Nítorí náà òfin rẹ̀ le. Bátìrì tí wọ́n dá kó sínú páálí kì í bá èrò rìn. Bàálù ẹrù nìkan ló ń gbé e. Agbára inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ bo ẹnu rẹ̀ kí irin má baà kan irin. Èyí tó bá ti wú tàbí tó ti fọ́, kò gbọdọ̀ wọ bàálù kankan rárá. Ẹni tó bá fẹ́ máa di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní láti lọ kọ́ ọ, kó ṣe ìdánwò, kó gba ìwé-ẹ̀rí.

Sàlámọ́tù lọ kọ́ ọ. Ọ̀gá kò lọ. Ó ní òun ti ń di ẹrù kí ẹni tó fẹ́ kọ́ òun tó mọ okùn í so. Láàárín ọdún kan, gbogbo oníbátìrì ti kọjá sí ọ̀dọ̀ Sàlámọ́tù. Kò pẹ́, àwọn tó ń fi aṣọ àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ náà tẹ̀lé wọn. Ọ̀gá ń wò. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú yàrá òun, tí wọ́n á kí òun lẹ́nu lásán, tí wọ́n á lọ jókòó ti Sàlámọ́tù. Ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà bó ṣe ń ta kókó okùn, kókó tí òun fúnra òun kọ́ ọ. Bí wọ́n bá yìn ín létí rẹ̀, á dà bíi pé wọ́n fi ata sí i lójú ọgbẹ́. Sàlámọ́tù kò mọ̀. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i, ìkúnlẹ̀ náà gan-an ló tún ń bí ọ̀gá nínú, torí kò jẹ́ kó rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Sàlámọ́tù ń di bátìrì ọ̀kadà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ dá padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ó ti yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bàálù máa gbéra lọ́sàn-án. Nígbà tí agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà tún gbé méjì dé, ó ní wọ́n gbàgbé wọn ni, pé bákan náà ni wọ́n rí pẹ̀lú ìyókù. Sàlámọ́tù ń kọ ìwé ẹrù lọ́wọ́, ojú sì ń kán an. Ó gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ gbọ́. Ó bo ẹnu bátìrì méjèèjì, ó gbé wọn sínú páálí láì yí wọn wò.

Àṣìṣe ni, àṣìṣe ńlá sì ni.

Ọ̀gá wà lórí àga níwájú yàrá tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí abẹ́ ọ̀kan nínú bátìrì náà nígbà tí awakọ̀ ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ti wú. Ikùn rẹ̀ yọ síta bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀gá kò ní ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó rí. Ó la ẹnu láti pe Sàlámọ́tù, ó sì tún pa á dé.

Ohun tó rò ni pé bí òun bá sọ fún un nísinsìnyí, yóò yọ bátìrì náà kúrò, yóò dúpẹ́, ẹrù á lọ, orúkọ rẹ̀ á tún dára sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ká bátìrì wíwú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí ìwé, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ á bọ́. Ó ní òun kì í ṣe apànìyàn, òun á sọ̀rọ̀ kí ẹrù tó wọ bàálù. Ó kàn fẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni.

Ó jókòó. Sàlámọ́tù lẹ páálí pa, ó lẹ àmì bátìrì mọ́ ọn lára, ó fọwọ́ sí ìwé. Alárùú méjì jókòó lórí páálí náà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọ̀gá wá bá wọn jẹun. Ó ní òun ti yó.

Ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n kó ẹrù sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tì í lọ. Ọ̀gá dìde, ó lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò. Kò bá a. Wọ́n ní ó ti lọ sídìí bàálù. Nígbà tí ọ̀gá wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ ti kọjá géètì. Ó sáré, òun tí kò sáré láti ọdún mélòó kan. Ìdí bàálù ló ti bá ayẹrùwò náà, tí wọ́n ti ń gbé páálí àkọ́kọ́ wọlé. Ó ní kí wọ́n má gbé èyí tó kù, pé bátìrì tó wú wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tú páálí, wọ́n bá a bẹ́ẹ̀. Wọ́n rọra gbé bátìrì náà jìnnà, wọ́n fi í sórí iyanrìn. Kò pẹ́ tó fi ń rú èéfín, ó sì gbiná lójijì. Wọ́n da omi sí i, ó kú, ó tún ràn. Ọ̀kan nínú àwọn alárùú tó jókòó lórí páálí ká ọwọ́ lérí.

Gbogbo èèyàn yíjú sí ọ̀gá. Ayẹrùwò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Sàlámọ́tù dé, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná níwájú gbogbo wọn.

“Ọ̀gá mi,” ló wí, “ẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ tún gba ẹ̀mí àwọn èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe mi. Wọ́n máa gba ìwé-ẹ̀rí mi, mo mọ̀. Gbogbo àwọn oníbàárà mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa darí wọn sí.”

Ohun tí ọ̀gá ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó rí i pé òun kò lè gbé e mì.

Ayẹrùwò mú ìwé jáde láti kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ó béèrè agogo tí ọ̀gá kọ́kọ́ rí bátìrì náà. Ọ̀gá lè parọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wo Sàlámọ́tù tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ló wí.

Ayẹrùwò gbé bírò kúrò lórí ìwé. “Agogo mẹ́wàá ti kọjá dáadáa kí ẹ tó wá bá mi. Níbo lẹ wà?”

“Orí àga mi ni mo wà. Mo ń dúró dè é kó fọwọ́ sí i.”

Sàlámọ́tù dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ló wí, “ẹ̀ bá ti pè mí.”

Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí Sàlámọ́tù fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n gba ìwé ìwọlé ọ̀gá fún ọdún kan, torí ẹni tí kò rí i ṣẹ̀, ẹni tó rí i tó jókòó tì í ṣẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tó padà dé, yàrá rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Sàlámọ́tù ṣì ń kí i, ṣùgbọ́n “Ẹ káàárọ̀, sà” ló ń wí. Kò pè é ní ọ̀gá mi mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ní ọdún kan tí òun fi jókòó sílé kò dun òun tó ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka lẹ́tà tí o kọ sí wa ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ nípa olùkọ́ kékeré tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé ọ lórí. Mo ti lọ wo ilé-ìwé yín. Òótọ́ ni pé òrùlé kíláàsì kẹta ti jẹrà, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó lábẹ́ rẹ̀. A ti kó wọn kúrò láàárọ̀ yìí. Ẹ̀sùn rẹ kò ní irọ́ nínú. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé láti oṣù kìíní lo ti ń rí i, oṣù kẹta sì la wà yìí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́fíìsì rẹ àti tirẹ̀. Dìde, kí o lọ bá a. Sọ ohun tó o rí fún un, má sì fi ọjọ́ tó o kọ́kọ́ rí i pamọ́.