Ìyùnadé àti Ọdẹ Tí Nǹkan Kan Kò Lè Pa

Agbára-kún-àpò-ẹ̀rín-gbẹ-lẹ́nu ló dá Ifá fún Ìyùnadé, eléré ìlú Ìmọ̀yẹ̀, ní ọjọ́ tí ó ń fi omi ojú ráhùn ìdùnnú tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí oòrùn bá rọlẹ̀, Ìyùnadé a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ìṣin. Àwọn tó fẹ́ ṣeré a jókòó yí i ká. Olúkúlùkù a mú ẹ̀dá kan tí yóò jẹ́ nínú ìtàn, ọdẹ tàbí alájàpá. Ìyùnadé a gbé ẹranko onígi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kalẹ̀, a sọ ohun tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, wọn a sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Wọn a wá da àfọ́kù igbá mẹ́rin sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe; bí wọ́n bá ṣíjú sókè, bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà kan, bí ó bá ní ewé mì, gbogbo wọn a dákẹ́, wọn a di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn Ìyùnadé fẹ́ jù. Kò bímọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Akínlàwọ́n alágbẹ̀dẹ wá mọ eré náà dunjú. Ó wá ẹ̀wù tí irin kò ràn fún ọdẹ rẹ̀, ó wá fìlà tó ń bo ojú kí ọ̀tá má dá a mọ̀, ó wá ọfà tí kì í tàsé. Kí Ìyùnadé tó dárúkọ ẹranko tán, yóò ní, "Ó ti kú, Ìyá. Kí ló kàn?"

"Akọni abẹ́ igi ìṣin!" ni Oyèbísí aláró a wí. "Ẹfọ̀n gidi lé ẹ lóko níjọ́sí, bàtà rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Wọn a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dákẹ́ mọ́.

Ìyùnadé gbẹ́ ẹranko onígi tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdẹ pa á. Ó gbẹ́ ọ̀kan olórí méje. Èyí kò ṣe ọdẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó fi ìrù pa alájàpá Oyèbísí lẹ́ẹ̀kan náà. Oyèbísí dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ìyá, ìjà ẹ̀yin àti Akínlàwọ́n nìyí. Ẹ máa jà á." Kò wá mọ́. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra.

Ìyùnadé tọ awo lọ. Wọ́n ní kí ó fi iṣu, epo àti àkùkọ rúbọ, kí ó fi bọ́ àwọn tó ń bá a ṣeré. Wọ́n ní kí ó fi gbogbo ẹranko tó gbẹ́ kún un, kí ó sì bi olúkúlùkù ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ ń wá.

Ó rú iṣu, ó rú epo, ó rú àkùkọ. Àwọn ẹranko náà, ó kó wọn pamọ́. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ sílé wọn.

Ó sunkún. Ó wá kó àwọn ẹranko náà lọ sí oríta, ó gbé wọn kalẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó yà sí ìdí ìkòkò aró Oyèbísí.

"Oyèbísí, kí ni alájàpá rẹ ń wá?"

"Ẹ ò bi mí rí! Ó ń wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Ẹranko ṣáá lẹ máa ń gbé kò ó. Ṣebí ó ti kú náà?"

"Ó dákú ni."

Oyèbísí bú sẹ́rìn-ín.

Ní àgbẹ̀dẹ, ó bi Akínlàwọ́n bákan náà. Akínlàwọ́n gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi lọ sígbó, Ìyá, kò bọ̀. Ọdẹ mi ń wá a. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí nǹkan kan pa á."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n tún jókòó sábẹ́ igi ìṣin, Oyèbísí pẹ̀lú. Nínú ìtàn, wọ́n dé odò ńlá. Ọdẹ pa gbogbo ọ̀nì inú rẹ̀. Ìyùnadé kò bá a jiyàn. Ìyùnadé ní ọkùnrin kan ń bẹ iṣu ní òdìkejì. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Akínlàwọ́n kó àfọ́kù igbá, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Oyèbísí rọra wí pé, "Ṣí fìlà. Kò rí ojú rẹ."

Ọdẹ ṣí i. Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó gbé ọfà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mí lábẹ́ igi náà.

"Ìyá, ṣé ó mọ̀ mí?"

"Da igbá."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣíjú sókè.

"Àbúrò mi," ni Ìyùnadé fi ohùn ọkùnrin náà wí, "o pẹ́ kí o tó dé. Jókòó, iṣu ò ní pẹ́ jinná."

Akínlàwọ́n bú sẹ́kún.

Ifá ní kí ẹni tó ń wá ire tó ti lọ yọ̀ǹda ohun tó dì mọ́wọ́, kí ó sì béèrè ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wá. Ìyùnadé rú ẹbọ láàbọ̀, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n lọ. Ó rú u tán, wọ́n jókòó tì í.