Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Wa Inú Koríko

Nígbà láéláé, kí adìẹ tó mọ̀ pé èékánná òun wúlò fún ohunkóhun, Koríko kì í da nǹkan nù. Ewé gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kú wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹní, ó sì ń to tirẹ̀ lé e lórí. Ó ní ogún ìyá òun ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Lásìkò òjò kan, Bògiri dé. Bògiri ni ewé tútù kékeré tí í bo ara ògiri, ṣùgbọ́n kò tíì ní ògiri nígbà náà, ó ń rìn kiri ni. Ó bẹ Koríko pé kó jẹ́ kí òun sùn sórí ẹní rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ojú ti Koríko láti lé àlejò, ló bá gbà. Kò pẹ́ tí àlejò fi bímọ, tó pe ẹbí, tí wọ́n sì gba gbogbo ẹní.

Òjò ń rọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹní àti àlejò ló ń mu ún tán. Kò dé gbòǹgbò Koríko. Koríko pọ́n, ó rù. Ó ké sí Ewúrẹ́ kó wá ran òun lọ́wọ́. Ewúrẹ́ mà wá lóòótọ́. Ewé tútù díẹ̀ tó kù ló jẹ, ó nu ẹnu, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àgbébọ̀ adìẹ ló wá kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, ọ̀kan ti kú lánàá. Ohun tí èèyàn bá dà sílẹ̀ nìkan ni adìẹ ń jẹ nígbà náà. Ó gbọ́ tí kòkòrò ń rìn lábẹ́ ẹní, ló bá ní kí Koríko jẹ́ kí òun wa ẹní náà kúrò, kí àwọn ọmọ òun lè rí kòkòrò jẹ.

Inú bí Koríko. Ó ní ogún ìyá òun ńkọ́?

Àgbébọ̀ ní, "Ìyá yín ti kú. Ẹ̀yin náà ti ń kú lọ. Àwọn ọmọ tèmi ṣì wà láàyè."

Koríko wo àwọn ọmọ adìẹ náà. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Àgbébọ̀ na ẹsẹ̀, ó wà á, ó tún wà á. Ó dun Koríko wọra, ó sunkún. Bògiri kó ẹbí rẹ̀, ó sá gun ògiri. Òjò ọjọ́ yẹn dé gbòǹgbò, Koríko sì tún rúwé. Àwọn ọmọ adìẹ yó.

Láti ọjọ́ náà ni Bògiri ti ń gbé ara ògiri, tí ẹni tó gbin koríko síwájú ilé sì ń fi réèkì ha ewé gbígbẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Adìẹ ní tirẹ̀ kò dáwọ́ dúró mọ́. Da àgbàdo sílẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ǹtì gbalasa, yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ ná. Ẹ̀rù ń bà á pé oúnjẹ lè wà nísàlẹ̀ tí àwọn ọmọ òun kò rí.