Igi Obì Àyọ̀ká àti Ìjókòó Adájọ́

Ní ìlú Ọ̀rùnlá láyé àtijọ́, wọn kì í jogún ipò adájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ ṣe akéde nílé-ẹjọ́: òun ni yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa pe orúkọ olùpẹjọ́ àti ti olùjẹ́jọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn yóò rán an lọ sí àwọn abúlé oko láti máa dá ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ àti ti igi eléso. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lè tó ọdún méjìlá kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ fún ilé-ẹjọ́ ńlá tó wà níwájú ààfin.

Láníhùn ti gba gbogbo ọ̀nà yìí kọjá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Àwọn ará oko a máa fi ṣe àwàdà pé, "Gbé iṣu kaná, kí o gbé ẹjọ́ lọ bá Láníhùn, ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ jinná." Inú rẹ̀ a máa dùn bó bá gbọ́ ọ. Nígbà tí ojú Baba Ọ̀pádìran, adájọ́ àgbà, di bàìbàì, tó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, orúkọ Láníhùn ni ìgbìmọ̀ ìlú mú. Ìyàwó rẹ̀ ti ń hun aṣọ tí yóò wọ̀ lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n àṣà kan ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá ti yan adájọ́ ní Ọ̀rùnlá, wọn yóò kéde kiri ìlú àti oko pé ẹnikẹ́ni tí ọkùnrin náà ti dá ẹjọ́ rẹ̀ rí, tí ọ̀rọ̀ bá sì wà nínú rẹ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú ààfin láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí wọ́n yàn yóò jókòó sórí àpótí, kò sì gbọdọ̀ fèsì àfi bí wọ́n bá bi í. Bí ọjọ́ kẹsàn-án bá kọjá láìsí ẹ̀sùn, wọn yóò fi í jẹ.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ, ìyìn ni Láníhùn ń gbọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí opó kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká dé láti abúlé Ahéré-Odò. Ó kúnlẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Baba Ọ̀pádìran.

Baba náà fọwọ́ wá ohun tó wà nínú rẹ̀ kiri. "Ọmọ mi, àpáàdì ni mo fọwọ́ bà yìí, àbí ọwọ́ mi náà ti fọ́ bí ojú mi?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká kò rẹ́rìn-ín.

"Àpáàdì ni, baba. Ìkòkò tí a fi sin ìwọ́ àwọn ọmọ mi ni, nídìí igi obì kan lóko ọkọ mi. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Ṣóbándé ní òun ló ni igi náà, ó pè mí lẹ́jọ́ sọ́dọ̀ Láníhùn. Láníhùn dá a láre. Lọ́jọ́ kejì Ṣóbándé gé igi náà, ó hú gbòǹgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni àáké rẹ̀ ti fọ́ ìkòkò yìí."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ènìyàn kì í sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀rí wo ló tún ju ìyẹn lọ?

"Láníhùn," ni Baba Ọ̀pádìran wí, "ṣé o gbọ́ ti Ṣóbándé?"

"Mo gbọ́ ọ, baba."

"Ti obìnrin yìí ńkọ́?"

"Kò wá, baba."

"Ṣé ó ránṣẹ́?"

Ẹni tí Àyọ̀ká rán sí i lọ́jọ́ náà ti kú. Bó bá ní òun kò rí ìránṣẹ́ kankan, ta ni yóò já a nírọ́? Ó wo ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, ó wo àpáàdì nílẹ̀.

"Ó ránṣẹ́, baba. Ó ní ara ọmọ òun ń gbóná, kí n dúró dọ̀la. Òjò ń ṣú, Ṣóbándé ń sunkún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ mí létí. Mo rò pé kò sí ohun tó tún kù láti gbọ́."

Baba náà yíjú sí opó náà. "Àyọ̀ká, ṣé Ṣóbándé òṣìkà yìí lo wá fi sùn?"

"Rárá, baba. Òṣìkà ni Ṣóbándé lóòótọ́; gbogbo oko mọ̀ ọ́n, a sì mọ bí a ṣe ń yà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ ká sá tọ̀ nítorí rẹ̀, òun ló ki àáké bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń to àwọn òṣìkà bí wọ́n ṣe dàgbà sí, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n?"

Láníhùn dìde lórí àpótí, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún opó náà kó tó dọ̀bálẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi jẹ adájọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sẹ́nu ọ̀nà, sídìí iṣẹ́ akéde. Ibẹ̀ ló wà títí irun rẹ̀ fi funfun. Bí olùpẹjọ́ bá ti sọ tirẹ̀ tán, kí adájọ́ tó la ẹnu, Láníhùn a pe orúkọ ẹni kejì sókè, a sì fi ohùn rara dáhùn ìbéèrè tí Àyọ̀ká bi ìlú. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mú un relé, wọ́n mú un roko, títí ó fi di òwe tí a ń pa dòní pé: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."