Ọlọ Tó Di Ìdákọ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ró gbì, ó tàkìtì lójú omi, ó dá lórí Ìbídùn àti ọlọ ìyá rẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì máa gbe orin rẹ̀ dáadáa o. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, kó yáa wọlé lọ sùn.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ àti ẹja ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, apẹja kan wà létí òkun, Orímisàn lorúkọ rẹ̀. Ó lọ sí ìlú òkè, ó fẹ́ Ìbídùn wálé. Ọmọ òrukàn ni Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un àfi ọlọ, òkúta ńlá tí wọ́n fi ń lọ ata.

Ẹ̀yin ọmọ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló wà létí òkun, kò sí òkúta níbẹ̀ rárá. Inú odó làwọn ará ibẹ̀ ti ń gún ata tiwọn. Nígbà tí wọ́n rí ọlọ, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ẹ wá wò ó! Ìyàwó gbé òkè wá sílé ọkọ!" Ìbídùn gbé ọlọ rẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé ìdáná. Tó bá ń lọ ata láàárọ̀, ọlọ a máa kí i pé, "Ọmọ mi, ṣé o jí ire?" Inú rẹ̀ a sì dùn, torí ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́.

Nígbà tó yá, Ìbídùn bímọ. Àsìkò ẹja dé, Orímisàn fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti ń pẹja. Ìbídùn gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ sínú ọkọ̀.

Orímisàn fajú ro. "Ìbídùn, àwa kì í gbé irú èyí wọkọ̀. Ṣé o fẹ́ rì wá ni?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi nìyẹn."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ń wakọ̀ lọ.

Wọ́n dé agbami, ìjì dé, fìììì! Àjẹ̀ tí Orímisàn fi ń wakọ̀ kán sí méjì, pàà! Omi wá ń gbé wọn lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́, gbàù, gbàù. Ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ kì í padà bọ̀.

Lékeléke ń kọjá. Orímisàn kígbe, "Lékeléke, gbà wá!" Lékeléke ní, "Atẹ́gùn ń gbé èmi gan-an lọ." Ó fò lọ. Ọkọ̀ ń lọ.

Ẹja ńlá kan yọrí. "Ẹja, gbà wá!" Ẹja ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbogbo ọmọ mi?" Ó rì wọmi. Ọkọ̀ ń lọ.

Akàn rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀. "Akàn, gbà wá!" Akàn ní, "Agbára mi ò gbé e. Ohun tó wúwo, tó lè dé ìsàlẹ̀ omi, òun ló lè gbà yín." Ó já bọ́. Ọkọ̀ ń lọ.

Ni ọlọ bá fọhùn. "Ìbídùn, so okùn mọ́ mi, kí o so ó mọ́ ọkọ̀, kí o jù mí sómi."

Ìbídùn bú sẹ́kún. "Háà, ìyá mi! Ẹ̀yin nìkan ni mo ní!"

"Irọ́ ni. Ta ló ń sunkún lẹ́yìn rẹ yẹn? Jù mí sómi!"

Ó so okùn. Ó gbé ọlọ, ó jù ú sómi. Jàbú! Ó fi orin sí i. Ẹ gbè é:

Ọlọ ìyá mi o,
*Ẹ dì wá mú!*
Ìjì ń jà, omi ń ru,
*Ẹ dì wá mú!*
Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi o,
*Ẹ dì wá mú!*

Okùn le. Ọkọ̀ dúró gbọn-in. Ìgbì gbé e sókè, ìgbì gbé e sílẹ̀, kò kúrò lójú kan títí ìjì fi rọlẹ̀.

Nígbà táwọn apẹja wá gbà wọ́n, Orímisàn fa okùn láti gbé ọlọ jáde. Ó fà, ó fà, okùn já. Ìbídùn pe ìyá rẹ̀ títí, kò gbọ́ ohùn kankan.

Orímisàn kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀. "Dárí jì mí. Kí la ó máa pè é báyìí? Kò ní lọ ata mọ́."

"Ó dá ọkọ̀ wa ró," ni Ìbídùn wí. "Ìdákọ̀ró ni kẹ́ ẹ máa pè é."

Láti ọjọ́ náà làwọn apẹja ti ń wá òkúta lọ sí ìlú òkè kí wọ́n tó wọkọ̀. Lónìí tó ti di irin, orúkọ náà la ṣì ń pè é.

Ọmọ ọlọ nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀. Ìbídùn gbé e mọ́ àyà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó gbé e délé. Kò tún rí ibi tí yóò ti lò ó mọ́ láé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹ má fi ẹrù àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó dì yín mú tẹ́ ẹ fi léfòó, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, ojú kì í rí i. Ibi tí mo bá ààlọ́ dé rèé. Tí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ìyá yín wà nínú ilé. Ẹ lọ kí i kó tó sùn.