Ògúngbèmí àti Ẹyin Awó

Ògúngbèmí, ọdẹ abà Òkè-Ìrókò, kì í jẹun tí kò bá sí ẹran lórí rẹ̀. Nígbà tí Àńkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rọbí títí tí àwọn àgbà obìnrin fi ń wo ojú ara wọn, ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí Àńkẹ́ bá yè é, ohun ẹlẹ́mìí kan kò tún ní jẹ ìrora mọ́ nítorí ẹnu òun. Àńkẹ́ bí Ìyíọlá, tìyá-tọmọ yè. Ògúngbèmí gbé ìbọn kọ́.

Ibi tí ẹ̀jẹ́ náà mọ ló wá di àríyànjiyàn. Lánìhún, aládùúgbò rẹ̀, ní, "Èmi náà kì í jẹ ẹran, ṣùgbọ́n mò ń jẹ ẹja."

"Ẹja ò lẹ́mìí ni?" Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ẹ̀gbọ́n Ògúngbèmí gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi oríkì pe àbúrò rẹ̀. "Àkànmú, wàrà ni kí o máa jẹ. Màlúù kì í kú nítorí wàrà."

Ògúngbèmí kọ ẹja. Ó kọ wàrà pẹ̀lú, nítorí ó ti gbọ́ igbe ọmọ màlúù tí wọ́n so kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní gáà àwọn Fúlàní. "Ẹyin kì í ké, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹyin ni tèmi."

Bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn. Ó fi ẹyin awó jẹ iṣu, ó fi jẹ ẹ̀wà. Bí ó bá kó o nínú igbó, a fi ẹyọ kan sílẹ̀ kí awó má bàa kọ ìtẹ́. Bí ara Ìyíọlá bá gbóná, a tu ara rẹ̀ nínú pé òun kò yẹ ẹ̀jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lúgọ ti awó kan tó wà lórí ìtẹ́, ojú sì ti ń kán an. Ó na igi kí ó fi lé e dìde. Àńkẹ́, tó ń já ẹ̀fọ́ nítòsí, dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Ìyíọlá, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń rọbí ni."

Ògúngbèmí wò ó dáadáa. Ẹyẹ náà lanu sílẹ̀, apá rẹ̀ rọ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹyin jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Ẹ rò pé ó kàn ń já bọ́ bí èso ni?" Àńkẹ́ bi í.

Ẹ̀rù ba Ògúngbèmí, ìtìjú sì mú un. Ó ju igi nù. "Láti òní lọ, ohun tó bá hù nílẹ̀ nìkan ni n ó máa jẹ."

"Oyin ńkọ́?" Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bi í nígbà tó gbọ́.

"Ẹ má dán mi wò, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó kọ́kọ́ rù, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò yí padà. Bí wọ́n bá bi í pé ṣebí ó ti ń jẹ ẹyin tẹ́lẹ̀, a ní, "Mo ń jẹ ẹ́ ni, èmi kọ́ ni mo ń yé e."

Láti ara rẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé: ẹni tó ń jẹ ẹyin awó kò mọ̀ pé ìdí ń ro awó.