Wáyà Méjì Àárín

Ẹni tó ń bínú kì í mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún.
Ohun tí a bá fi ẹ̀hónú tú, ẹ̀hónú náà la ó fi dì í.
Àwọn ló ṣawo fún Fámúrewá, awakọ̀ ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n,
Níjọ́ tó ń bínú ọkọ̀, tó ń bínú ọ̀nà, tó ń bínú ọmọ ìyá rẹ̀.
Wọ́n ní ẹbọ ni kó rú.

Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ohun tó fi ẹbọ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí èmi náà tí mo bá ti rántí.

Ọkọ̀ bàbá wọn ni. Pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò tì dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òun ni bàbá fi ń kó iṣu, tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó fi tọ́ ọmọkùnrin méjèèjì dàgbà. Kí bàbá tó kú, ó pàṣẹ pé kí Fámúrewá tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n máa wà á ní ọ̀sẹ̀ kan, kí Bọ́lárìnwá tó jẹ́ àbúrò máa wà á ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ogójì ọjọ́ bàbá ò tíì pé tí Fámúrewá ti sọ ọkọ̀ di tirẹ̀ nìkan. Ó ní àbúrò òun ò mọ gíà fà. Irọ́ ni! Ojúkòkòrò ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Bọ́lárìnwá sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Kó má bàa gbé ọkọ̀ lọ, Fámúrewá bẹ̀rẹ̀ sí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Á fa wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé iná wọ ẹ́ńjìnnì yọ, á kó wọn sínú àpò, á gbé e wọ yàrá. Tó bá di àárọ̀, á tún kó wọn jáde, á kì wọ́n bọ̀ ọ́. Oṣù méjì gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn. Gbàù! Gbàù! Tó bá tẹ iná, ọkọ̀ á húkọ́, kò ní í fà. Òkè tó ń gbé igba iṣu gùn tẹ́lẹ̀, ó wá ń fi òfìfo rá gun ún. Àwọn obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sá fún un. Fámúrewá fọ kábúrétọ̀, kò gbọ́. Ó ra púlọ́ọ̀gì tuntun, kò gbọ́. Ló bá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Bọ́lárìnwá ló da iyanrìn sínú tánkì òun.

Bàbá Fálayé, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, olórí ẹbí, wá dá ọjọ́. Ó ní, "Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá jókòó níwájú ọkọ̀ yìí. Bí kò bá gbé ẹrù gun òkè, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò wá gbé e." Àyà Fámúrewá já. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ náà ló rà á.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ògúntọ́lá, arúgbó mẹkáníìkì tí gbogbo awakọ̀ ń wárí fún.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Àbúrò mi fẹ́ ba ayé mi jẹ́."

Ògúntọ́lá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kó tan ọkọ̀. Ó yọ wáyà tó wà níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dá a padà, ó yọ èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, bákan náà ló rí. Ó wá yọ méjì àárín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan.

"Ṣé ojoojúmọ́ ló ń yìnbọn?"

"Rárá, Bàbá. Ó lè yìnbọn lónìí, kó dákẹ́ lọ́la, kó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tùúnla."

"Àrùn inú ẹ́ńjìnnì kì í gba ìsinmi. Ọwọ́ èèyàn nìyí. Ta ní ń yọ wáyà yìí?"

Fámúrewá wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni.

Ògúntọ́lá ní, "Wáyà iwájú gùn, tẹ̀yìn kúrú, o ò lè ṣì wọ́n mú. Méjì àárín ló dọ́gba. Ọjọ́ tí o bá ṣe kòńgẹ́, ọkọ̀ á fà. Ọjọ́ tí o bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì, iná á bọ́ sí àsìkò tí kì í ṣe tirẹ̀, epo á gbiná lójú ọ̀nà, òun lò ń gbọ́ tó ń dún gbàù. Ẹsẹ̀ méjì ni ọkọ̀ rẹ á sì fi máa gun òkè dípò mẹ́rin. Jókòó kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra."

"Ṣé ọmọ iṣẹ́ ni mí ni, Bàbá? Mo ti rí i."

"Ó dáa. Gbọ́ ẹbọ rẹ. N ò ní kí o mú àkùkọ wá, n ò ní kí o mú epo pupa wá. Àpò tí o ń kó wáyà sí ni kí o mú wá, kí o fi í sílẹ̀ níbí. Kí o fún àbúrò rẹ ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀."

Fámúrewá pòṣé ṣààà. "Ọkọ̀ ni mo ní kí ẹ bá mi tún ṣe, n ò ní kí ẹ bá mi tún ilé bàbá mi ṣe!"

Arúgbó náà to wáyà bó ṣe yẹ, ó ní kó máa lọ. Ọkọ̀ fà wọ̀ọ̀ délé.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́lárìnwá ń kọjá níwájú ibi iṣẹ́ Ògúntọ́lá, arúgbó náà sì pè é. Òkúta ńlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà, pé bí òun ò bá ní wà á, kí ẹnikẹ́ni má wà á.

"Ju òkúta yẹn sílẹ̀," Ògúntọ́lá wí. "Òun lẹbọ tìrẹ. Kí o sì jókòó tì mí títí di ọjọ́ ọjà, kí o mọ bí iná ṣe ń rìn nínú ọkọ̀ bàbá rẹ."

Ó dùn ún wọra. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jù ú sílẹ̀, ó jókòó.

Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, Fámúrewá rí àbúrò rẹ̀ tó ń kọjá lójúde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ. Orí kunkun, ta ló ṣe ọ́?

Ní àárọ̀, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́, ó kó ọgọ́fà iṣu, àwọn obìnrin mẹ́ta gun ẹ̀yìn, Bàbá Fálayé jókòó níwájú. Ọkọ̀ ń húkọ́. Ó ní tó bá gbóná tán, á fà. Wọn ò tíì dé ìdajì òkè tó fi yìnbọn, gbàù, gbàù, tó dákẹ́, tó sì ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Bíríìkì ló gbà wọ́n. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan kó sí gọ́tà, iṣu ń yí lọ sísàlẹ̀.

"Fámúrewá, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" ni àwọn obìnrin ń ké. Bàbá Fálayé bọ́ sílẹ̀. "Ó parí. Ẹ lọ pe àwọn onírin àlòkù wá."

Fámúrewá ń fi ìkúùkù lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bọ́lárìnwá ni! Bọ́lárìnwá ló ṣe mí!"

Ẹsẹ̀ ni Bọ́lárìnwá fi ń gun òkè náà bọ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà méjì àárín, ó fi ọ̀kan sí ipò èkejì, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án." Ẹ́ńjìnnì jí, ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn ọkùnrin gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kúrò ní gọ́tà, Bọ́lárìnwá jókòó sídìí rẹ̀, ó sì gbé e gun òkè láìdúró.

Lórí òkè, Bàbá Fálayé gba kọ́kọ́rọ́ Fámúrewá, ó fi lé Bọ́lárìnwá lọ́wọ́. "Ìwọ nìkan ni kó o máa wà á."

Bọ́lárìnwá rú ẹbọ tirẹ̀, ó gbà fún un: àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ padà, ọkọ̀ ń fà, ilé rẹ̀ kún. Ẹni tó pòṣé sí awo, àbámọ̀ ló ń jẹ, kò sì yó.

Ẹ má sì rò pé Bọ́lárìnwá gbàgbé àṣẹ bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nígbà tó bá kan ẹ̀gbọ́n, á gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà Fámúrewá, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ yín ló pé," á fi kọ́kọ́rọ́ sórí pèpéle. Fámúrewá á wà ní ojú fèrèsé, á máa wò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ méje á pé, ìtìjú ò ní í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ nà dé ibẹ̀.